Bàálù Nọ́ńbà 3

Ìdájí. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kìíní, ọdún 1942. Indianapolis, ní ìpínlẹ̀ Indiana, Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ kò tíì mọ́. Èèyàn mẹ́ta wọ bàálù ilé-iṣẹ́ TWA kan tó ti New York bọ̀, tó ń lọ sí Burbank ní California. Obìnrin méjì, ọkùnrin kan.

Carole Lombard ni èyí tó kéré nínú àwọn obìnrin náà. Ẹni ọdún 33 ni. Indiana yìí náà ni wọ́n bí i sí, ní ìlú Fort Wayne. Jane Alice Peters ni wọ́n sọ ọ́.

Àpá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀. Ẹni tó bá dúró lókèèrè kò lè rí i. Ẹni tó bá ń wò ó nínú sinimá kì í sábà rí i. Gíláàsì mọ́tò ló gé e níbẹ̀ nígbà tó ṣì ń ṣe ọ̀dọ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá àyè láàárín àwọn òṣèré sinimá tí kò lóhùn. Nígbà tí ojú egbò náà jiná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ nípa iná. Ó kọ́ ibi tó yẹ kí iná wà níwájú kámẹ́rà. Ó kọ́ bó ṣe yẹ kó mọ́lẹ̀ tó, àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n fi nǹkan bò ó díẹ̀ kó má bàa mú jù. Ó ṣe àwọn sinimá ẹ̀fẹ̀ kéékèèké fún Mack Sennett. Nígbà tí sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, òun náà sọ̀rọ̀. Ní 1934, ó ṣe *Twentieth Century*. Ní 1936, ó ṣe *My Man Godfrey*, wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún àmì-ẹ̀yẹ Oscar. Nínú àwọn obìnrin tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín ní Hollywood, díẹ̀ ló lè bá a dọ́gba.

Ìyá rẹ̀ ni obìnrin kejì. Elizabeth Peters ni orúkọ rẹ̀, Bess ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin tó wà pẹ̀lú wọn ni Otto Winkler. Ilé-iṣẹ́ MGM ló ń bá ṣiṣẹ́, òun ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn fún Clark Gable, ọkọ Lombard. Gable kò bá wọn wá. Sinimá tuntun kan ló dá a dúró sí Hollywood.

Ogójì ọjọ́ ti kọjá tí àwọn ará Japan ti ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor. Ogun ti dé. Ìjọba ń ta bọ́ǹdì, ìwé tí wọ́n fi ń yá owó lọ́wọ́ aráàlú láti fi jagun. Ọjọ́ kejìlá oṣù yìí ni Lombard wọ rélùwéè kúrò ní Los Angeles láti lọ bá wọn tà á. Lánàá, ó dúró nínú ilé ìjọba ìpínlẹ̀ ní Indianapolis, àwọn èèyàn tò síwájú rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ẹni tó bá ra bọ́ǹdì gba ìwé ẹ̀rí tí àwòrán Lombard wà lórí rẹ̀. Nígbà tí alẹ́ lẹ́, ó ṣáájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn nínú orin orílẹ̀-èdè wọn ní gbọ̀ngàn Cadle Tabernacle. Owó bọ́ǹdì tó tà lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là.

Iṣẹ́ ti parí. Ilé ló kù. Wọ́n ti ṣètò pé rélùwéè ni wọ́n máa bá padà. Ìyẹn á gbà wọ́n lọ́jọ́ mélòó kan. Lombard kò fẹ́. Bàálù ló fẹ́ wọ̀. Winkler kò fẹ́ bàálù. Bess kò fẹ́ ẹ rárá.

Àwọn tó kọ ìtàn ìgbésí ayé Lombard sọ pé Bess jẹ́ ẹni tó máa ń ka nọ́ńbà, tó gbà pé nọ́ńbà kan ń gbe èèyàn, òmíràn sì ń pa á lára. Nọ́ńbà tó ń bà á lẹ́rù lọ́jọ́ yẹn ni 3. Nọ́ńbà 3 ni TWA fún ìrìnàjò bàálù yìí. DC-3 ni irú bàálù náà, iṣẹ́ ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Douglas. Àwọn mẹ́ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́. Ọmọ rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún 33.

Wọ́n ní Lombard àti Winkler ta owó ẹyọ sókè. Owó náà balẹ̀. Lombard ló jẹ.

Bàálù gbéra kúrò ní Indianapolis.

Òwúrọ̀. Ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n dojú kọ. Wọ́n dúró ní St. Louis. Wọ́n tún gbéra. DC-3 kì í fò jìnnà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń balẹ̀, ó ń rọ epo, ó ń gbé èrò, ó tún ń gbéra. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni aago ń padà sẹ́yìn, nítorí pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbòòrò, aago ìhà ìwọ̀-oòrùn kò sì bá ti ìhà ìlà-oòrùn dọ́gba. Ọjọ́ náà gùn ju ọjọ́ lọ. Síbẹ̀ bàálù náà ń pẹ́. Ibi tó yẹ kó dé lọ́sàn-án, ìrọ̀lẹ́ ló ń bá a débẹ̀.

Ọjọ́rọ̀. Albuquerque, ní ìpínlẹ̀ New Mexico. Àwọn ọmọ ogun òfurufú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń dúró de bàálù. California ni wọ́n ń lọ. Ogun ló wà lóde, ọmọ ogun ló sì ni àyè. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ogun gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀.

Èrò mẹ́rin bọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Joseph Szigeti, ọmọ Hungary, tí okìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé nídìí fáyólìn. Ó gbé ẹrù rẹ̀. Ó kúrò.

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Lombard. Ó kọ̀. Ó ní iṣẹ́ ìjọba ni òun náà lọ ṣe. Ó ní owó tí òun pa fún ogun lánàá kì í ṣe kékeré. Wọ́n gbà. Òun, ìyá rẹ̀ àti Winkler jókòó síbi tí wọ́n jókòó sí.

Bàálù kún. Èrò mọ́kàndínlógún. Àwọn mẹ́ta, àwọn ọmọ ogun mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àti obìnrin mìíràn kan.

Albuquerque yìí náà ni àwọn tó ń wa bàálù ti pààrọ̀ ara wọn. Wayne Williams ni ọ̀gá awakọ̀ tuntun. Wákàtí tó ti lò lójú òfurufú lé ní 12,000. Morgan Gillette ni igbákejì rẹ̀. Alice Getz ló ń tọ́jú èrò. Èèyàn méjìlélógún ló wá wà nínú bàálù.

Ìwé ètò ìrìnàjò kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ kí wọ́n tó gbéra. Ibi tí bàálù máa balẹ̀ sí ń bẹ nínú rẹ̀, àti bó ṣe máa ga tó, àti ìhà tí imú rẹ̀ máa kọ lórí kọ́ńpáàsì. Wọ́n máa nílò epo kí wọ́n tó dé Burbank. Boulder City, ní ìpínlẹ̀ Nevada, ni bàálù TWA sábà máa ń yà sí fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò síná lójú pápá Boulder City. Bí wọ́n bá máa fi débẹ̀, ilẹ̀ á ti ṣú. Wọ́n kọ Las Vegas dípò rẹ̀.

Wọ́n kọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà jáde kúrò ní Las Vegas. Gíga: 8,000 ẹsẹ̀ bàtà. Kọ́ńpáàsì: 218.

Ìrọ̀lẹ́. Bàálù ti gbéra ní Albuquerque. Oòrùn wà níwájú wọn. Arizona wà nísàlẹ̀, aṣálẹ̀ àti òkúta. Oòrùn wọ̀. Òṣùpá kò yọ. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, ìràwọ̀ pọ̀, àmọ́ ilẹ̀ dúdú. Ẹni tó bá wo ìsàlẹ̀ láti ojú fèrèsé, òkùnkùn ni yóò rí.

Láyé ìgbà tí kò sógun, òkùnkùn náà kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà ti gbé iná atọ́nà sórí òkè àti sí aṣálẹ̀, lẹ́sẹẹsẹ, ní gbogbo ojú ọ̀nà tí bàálù ń tọ̀. Iná náà ń yí po. Awakọ̀ rí ọ̀kan, kò pẹ́ tó fi rí èkejì. Ibi tí iná bá ti dá, tí ilẹ̀ dúdú sì dí i lójú, ó mọ̀ pé òkè ń bẹ níbẹ̀. Láti Pearl Harbor ni ẹ̀rù ti ń ba àwọn tó wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn pé bàálù ogun Japan lè tẹ̀ lé iná wọ̀nyí wọ ìlú. Wọ́n pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn.

Aago mẹ́fà àbọ̀ kọjá díẹ̀, alẹ́. Las Vegas. Ìlú kékeré ṣì ni nígbà náà. Iná pápá ń tàn. Bàálù nọ́ńbà 3 balẹ̀. Wọ́n rọ epo sí i. Èyí kò gbà ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Burbank kò ju ìrìnàjò wákàtí méjì lọ mọ́. Ilé Lombard àti Gable wà ní Encino, nítòsí ibẹ̀. Gable ń retí ìyàwó rẹ̀ lálẹ́ yìí.

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú méje. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì dún. Bàálù sáré lórí pápá. Ó gbéra.

Awakọ̀ kò nílò ojú nìkan láti mọ ọ̀nà. Rédíò wà létí rẹ̀. Ilé rédíò kan nílẹ̀ ń rán ìró jáde. Bí bàálù bá wà lójú ọ̀nà gan-an, ìró kan ṣoṣo ni awakọ̀ ń gbọ́, kò dá, kò já. Bó bá yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì, ìró náà á já, á máa dún ní kúkúrú àti ní gígùn. Òfin TWA ni pé kí awakọ̀ wọn má ṣe kúrò lójú ìró yẹn. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ kò nílò iná.

Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run mọ́ kedere lálẹ́ yìí. Ìràwọ̀ ń tàn. Ẹni tó ti lo wákàtí 12,000 lójú òfurufú ló ń wa bàálù. Kọ́ńpáàsì wà níwájú rẹ̀, nọ́ńbà sì wà nínú ìwé.

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bàálù ń ròkè. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló kọ imú sí. Aṣálẹ̀ wà nísàlẹ̀. Òkè wà níwájú, a kò rí i.

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sí ìpè kankan láti inú bàálù. Kò sẹ́ni tó sọ pé nǹkan kan ṣe é. Nǹkan kan kò sì ṣe é. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì ń ṣiṣẹ́.

Nǹkan bí aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú. Òkè Potosi, máìlì 32 sí Las Vegas. Bàálù wà ní nǹkan bí 7,770 ẹsẹ̀ bàtà sókè. Ògiri òkúta ló wà níwájú rẹ̀, òkúta tó dúró gbọnrangandan. Orí òkè náà ga ju 8,500 ẹsẹ̀ bàtà lọ.

Àwọn tó wà lókèèrè rí iná tó kọ mànà. Lẹ́yìn náà, wọ́n rí i tó ń jó lára òkè.

Aago mẹ́jọ ń lọ. Bàálù nọ́ńbà 3 kò dáhùn lórí rédíò. Wọ́n bẹ awakọ̀ bàálù mìíràn tó wà lójú òfurufú pé kó wo ilẹ̀. Ó fò kọjá. Ó rí iná lórí òkè.

Alẹ́ ń gùn. Wọ́n pe Gable sórí tẹlifóònù nílé. Wọ́n wá bàálù kan fún un, ó sì wọ̀ ọ́ lọ sí Las Vegas. Ó fẹ́ gun òkè náà fúnra rẹ̀. Wọ́n rọ̀ ọ́ kó dúró. Ilé ìtura El Rancho Vegas ni wọ́n fi í sí. Ó jókòó. Ó ń retí.

Òru. Àwọn ọmọ ogun, àwọn awakùsà àti àwọn ará àdúgbò gba orí òkè náà lọ. Ọmọ ẹ̀yà Paiute kan, tó mọ ojú ilẹ̀ náà, ló ń mú wọn lọ. Yìnyín bo ilẹ̀. Ibi tí mọ́tò dé, wọ́n gun ẹṣin. Ibi tí ẹṣin dé, wọ́n fẹsẹ̀ rìn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹtàdínlógún. Wọ́n dé ibẹ̀. Irin ló fọ́n ká sínú yìnyín, òmíràn dúdú, òmíràn ń dán. Wọ́n wá ẹni tó ń mí. Wọn kò rí ẹnì kankan. Èèyàn méjìlélógún ló wà nínú bàálù nígbà tó gbéra ní Las Vegas, èèyàn méjìlélógún ló kú.

Ọjọ́ kọkànlélógún, wọ́n sin Lombard àti ìyá rẹ̀ sí Forest Lawn, ní Glendale. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, *To Be or Not to Be*, sinimá tí Ernst Lubitsch darí, tí Lombard parí kó tó kú, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àwọn tó wò ó rí i tó ń rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kẹjọ, Gable wọṣẹ́ ológun òfurufú. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní ọdún 1944, wọ́n ti ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù kan sínú omi, orúkọ Carole Lombard ló wà lára rẹ̀.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ láti ìgbà yẹn ni ìtàn nọ́ńbà 3. Bàálù nọ́ńbà 3, DC-3, èèyàn mẹ́ta, ọdún 33. Bí wọ́n bá sọ ọ́ dé ibi tí owó ẹyọ balẹ̀, wọ́n á mi orí. Wọ́n á ní àyànmọ́ ni. Wọ́n á ní ìyá rí i tẹ́lẹ̀.

Nọ́ńbà mìíràn ló wà nínú ìwé àwọn tó ṣe ìwádìí fún ìjọba. Wọ́n gbé ìwé ètò ìrìnàjò tí wọ́n kọ ní Albuquerque jáde. Wọ́n wo nọ́ńbà kọ́ńpáàsì. Wọ́n fi wé àwòrán ilẹ̀. Ẹni tó bá kúrò ní Las Vegas, tó sì fi imú bàálù kọ 218, òkè Potosi ló ń lọ bá. Ẹni tó bá sì ń fò ní 8,000 ẹsẹ̀ bàtà kò lè fò kọjá lórí rẹ̀.

Wọ́n béèrè ibi tí nọ́ńbà náà ti wá. Wọ́n gbà pé àwọn mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà tó tọ́ ni, fún ẹni tó ń jáde kúrò ní Boulder City. Ibẹ̀ ni bàálù TWA sábà ń gbà. Ohun tí ọwọ́ ti mọ́ ni ọwọ́ kọ. Ó jọ pé ẹni tó kọ ọ́ fi Las Vegas rọ́pò Boulder City, àmọ́ kò pààrọ̀ nọ́ńbà Boulder City.

Nínú ìdájọ́ wọn, ẹ̀bi wà lórí ọ̀gá awakọ̀, tí kò lo ìró rédíò tó wà létí rẹ̀ láti fi mọ ọ̀nà. Wọ́n dárúkọ iná atọ́nà tí wọ́n pa nítorí ogun pẹ̀lú. Àmọ́ iná náà kò ṣàdédé kú. Wọ́n pa á kí bàálù ọ̀tá má bàa rí ọ̀nà. Bàálù ọ̀tá kankan kò gba ibẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n tún wá ìwé ètò ìrìnàjò mìíràn nínú àkójọ TWA. Wọ́n rí ọ̀kan, ti bàálù kan tó ti yà sí Las Vegas ṣáájú. 218 ni wọ́n kọ sínú òun náà. Nígbà tí wọ́n bi ọ̀gá àwọn awakọ̀ TWA, ó ní àṣìṣe ni, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Bàálù yẹn dé ibi tó ń lọ láyọ̀, èrò bọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé ẹrù wọn, wọ́n lọ sílé. Wọ́n ká ìwé rẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Nọ́ńbà tí ìyá kan bẹ̀rù kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Èyí tó pa èèyàn méjìlélógún ti wà nínú fáìlì kí Lombard tó ta owó ẹyọ sókè, kò sì sẹ́ni tó kà á sí nǹkan, nítorí pé kò tíì pa ẹnì kankan.